Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Pọ́ǹpù Dísẹ́ẹ̀lì!

Yéè! Ẹ̀yin onílọ́rì ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí mẹkáníìkì ń jẹ owó yín bí ẹní jẹ gúgúrú, ẹ bá mi káwọ́ lérí!

Ẹ́ńjìnnì lọ́rì 911 mi ló kú. Mo fara mọ́ ọn. Mo wá tókunbọ̀ rà, onípísítìnì mẹ́fà bíi ti àkọ́kọ́, ẹni tó tà á sì fi orí ọmọ rẹ̀ búra pé gẹ́rẹ́ ni yóò wọlé. Gẹ́rẹ́ wo! A fi ṣéènì gbé e, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pariwo "ó ń bọ̀, ó ń bọ̀", ó sì ń bọ̀ lóòótọ́, ó ku díẹ̀ kó jókòó, la bá gbọ́ "kò!" Pọ́ǹpù ti forí gbá àpótí sítíárìn.

Ẹ má rò pé pọ́ǹpù ńlá tó ń pín epo fún nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni o. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni, kékeré tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń fa dísẹ́ẹ̀lì láti táńkì, èyí tí à ń fọwọ́ tẹ̀ tí atẹ́gùn bá wọ páìpù. Kinní tí mo lè fi sápò ṣòkòtò! Òun ló dá odindi lọ́rì dúró, tí gedú mi fi ń gba òjò ní Oǹdó.

Ni ọgbọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya lù mí. Mẹkáníìkì ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká yí pọ́ǹpù ńlá díẹ̀." Ká yí kí ni? Pọ́ǹpù tí jíà ń yí, tí kránkì gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó yí lẹ́ẹ̀kan, tó bá ṣi eyín kan báyìí, èéfín ni n ó máa tú sí gbogbo aráyé lójú! Ajórin ní ká gé ṣáṣì díẹ̀, ṣáṣì tí ń ru gedú! Ọmọ iṣẹ́ kan tí kò tíì hu irùngbọ̀n gbé fáìlì, ó fẹ́ máa ha ara pọ́ǹpù, mo pariwo títí ohùn mi fi há.

Wọ́n wá fi irin tẹ́ ìdí ẹ́ńjìnnì síìtì, ó ga sókè, àlàfo tó ìka kan yọ. Mo tan án, mo tẹná mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì mi ara lórí rọ́bà rẹ̀ bó ṣe máa ń mì tó bá gba agbára, gbì-gbì-gbì, pọ́ǹpù ń na sítíárìn, fáànù ń ha ìdérí rádíétọ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì kò pa dé mọ́, ni mẹkáníìkì yìí, abara-bí-ilé, bá gbé ìdí jókòó lé e kó lè dé! Orí mi ò!

Gbogbo ariwo yìí, rẹwáyà wà lábẹ́ igi, ó ń mu gààrí. Ìgbà tó fọ abọ́ tán ló tó ní ká yọ pọ́ǹpù kékeré náà dànù, ká fi irin pẹlẹbẹ dí ojú ihò rẹ̀, ká gbé ẹ́ńjìnnì padà sí ààyè rẹ̀, ká so pọ́ǹpù oníná mọ́ ẹ̀gbẹ́ táńkì nísàlẹ̀, torí irú rẹ̀ mọ epo tì ju kó fà á lọ. Ó tán! Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ láti àárọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò bi mí."

Ó ń ṣiṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n lọ́rì tó jẹ́ pé bó bá ti jí, kò bèèrè bàtìrì mọ́, ojú bàtìrì ló wá ń wò báyìí, ajórin sì ń bèèrè owó ṣáṣì tí kò gé. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n jókòó pa, okùn ni mo fi dè é, gbogbo ọlọ́pàá láti Oǹdó dé Èkó ló ń dá mi dúró pé kí ló ṣe é. Ẹ sọ fún mi, ṣé orí pọ́ǹpù ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé ni?