Ìdìde Àgbàlagbà Láti Orí Àga

Ìdìde ni iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi ara rẹ̀ ṣe nígbà tí ó bá kúrò ní ìjókòó bọ́ sí ìdúró. Ní ti àgbàlagbà, mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn tí ó ṣe pàtàkì tó o tí a kì í sì í kà á sí. Ẹni tí kò bá lè dá dìde kò lè dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò lè ṣílẹ̀kùn fún àlejò, kò sì lè sá jáde bí iná bá sọ nínú ilé. Gbogbo ọjọ́ rẹ̀ á wá di ọwọ́ ẹni tí yóò gbé e. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Oríṣi ìdìde mẹ́rin ni mo kà láàárín àwọn àgbà wa. Ibi tí a ti lè rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà ni òde ìdána, nígbà tí alága ìdúró bá ní kí gbogbo ilé dìde fún àdúrà. Èkíní ni ìdìde wọ́ọ́rọ́wọ́: ọwọ́ kò kan ohunkóhun, ẹni náà kò sì dá ọ̀rọ̀ tí ó ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ dúró. Èkejì ni ìdìde ọlọ́wọ́, èyí tí a ti ń fi ọwọ́ ti orúnkún tàbí apá àga. Ẹ̀kẹta ni ìdìde alátúnṣe: ẹni náà á fì síwájú, á padà jókòó, á pe Ọlọ́run, kó tó wá dìde lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀kẹrin ni ìdìde àgbédìde, tí ọmọ kan wà lápá ọ̀tún, tí òmíràn wà lápá òsì. Ẹlòmíràn lè pín in sí márùn-ún, mi ò ní bá a jà. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé ènìyàn lè fi ogún ọdún rìn láti èkíní dé ẹ̀kẹrin, ó sì lè fi ọ̀sẹ̀ méjì débẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì yìí kì í ṣe àbá lásán. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde kan jáde nípa àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le, tí ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí wọ́n gbà láti dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 10 gbáko. Kò sí àìsàn lára wọn, wọ́n sì ń jẹun. Nígbà tí wọ́n fi máa dìde, ẹsẹ̀ wọn ti pàdánù ẹran tí ó súnmọ́ kílò kan, agbára itan wọn sì ti fi nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 dín kù. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni o. Kí wá ni ká sọ nípa ìyá tí ibà dá dùbúlẹ̀ fún oṣù kan, tí gbogbo ọmọ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa sinmi?

Bí ìdìde ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn díẹ̀ lábẹ́ orúnkún. Àyà á tẹ̀ síwájú títí imú yóò fi wà lókè ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìdí á gbéra kúrò lórí àga, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti wúwo jù, nítorí pé gbogbo ara ti bọ́ sórí itan méjì tí orúnkún wọn ṣì ká. Iṣan iwájú itan àti iṣan ìdí ni yóò wá ti ara sókè. Nínú àwọn iṣan wọ̀nyí, àwọn fọ́nrán kan wà tí ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ tí kì í tètè rẹ̀, àwọn kan sì wà tí agbára wọn máa ń yọ lójijì. Àwọn tí agbára wọn ń yọ lójijì yìí ni ọjọ́ ogbó kọ́kọ́ ń jẹ. Ìyẹn ló fà á tí bàbá kan fi lè rìn láti ilé dé ọjà láìsinmi, síbẹ̀ tí kò lè dìde lórí àga kúkúrú. Ìrìn àárọ̀ dára fún ọkàn àti fún ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ń gba gbogbo ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n máa rìn, ṣùgbọ́n ìrìn kò lè ṣe iṣẹ́ tí ẹrù wíwúwo ń ṣe fún itan.

Ṣé iṣan tí ó ti lọ lè padà wá? Ìbéèrè yìí ni olùwádìí Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Boston, tí wọ́n sì tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde ní ọdún 1990. Ènìyàn 10 ni wọ́n mú, àròpín ọjọ́ orí wọn jẹ́ 90. Kì í ṣe pé wọ́n ní kí wọ́n máa mi apá lórí ìjókòó. Ẹrù gidi ni wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ wọn, tí ó tó ìdá 80 nínú 100 ohun tí ẹsẹ̀ náà lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì ń nà án lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8. Ẹni 9 ló parí rẹ̀. Agbára itan wọn fi ìdá 174 nínú 100 pọ̀ sí i: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé kílò 10 tẹ́lẹ̀ yóò ti máa gbé 27. Ẹni méjì nínú wọn pa ọ̀pá ìtilẹ̀ tì. Ẹni mẹ́ta wà tí kò lè dìde lórí àga tẹ́lẹ̀ láìfọwọ́ tì í, ọ̀kan nínú wọn sì di ẹni tí ń dìde.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ohun kan níbẹ̀. Agbára fi ìdá 174 pọ̀, ẹran itan fúnra rẹ̀ kò sì fi ju ìdá 9 lọ pọ̀ sí i. Níbo ni ìyókù ti wá? Láti ọ̀dọ̀ ọpọlọ àti àwọn iṣan ìmọ̀lára tí ń rán iṣẹ́ sí ẹran ara ni. Àwọn fọ́nrán tí a kò pè fún ọdún púpọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìdárayá ló kọ́ ọpọlọ láti tún máa pè wọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, inú mi dùn dé ibi tí mo fi ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òbí. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà fi hàn pé nígbà tí wọ́n ṣíwọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4, ìdá 32 nínú 100 agbára náà tún lọ. Ohun tí ìdárayá bá fúnni, ìdárayá náà ló ń tọ́jú rẹ̀.

Ní ọdún 1994, Fiatarone tún padà wá pẹ̀lú ènìyàn 100. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fún àwọn kan ní ohun mímu afúnnilókun láìsí ìdárayá. Agbára àwọn tó ṣe ìdárayá fi ìdá 113 nínú 100 pọ̀. Ohun mímu nìkan kò fi ohun tó ṣe é tọ́ka sí kún agbára ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ tó ń gbé agolo mílíìkì àti ti ohun mímu aládùn lọ sílé ní ìparí oṣù ronú lórí èyí. Oúnjẹ dára, àgbà sì nílò ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ju bí a ṣe ń fún un lọ. Àmọ́ agolo kì í gbé ènìyàn dìde.

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àṣà wa. Nílẹ̀ Yorùbá, ìjókòó ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Bí ìyá bá wọlé, ọ̀dọ́ á dìde fún un. Bí ó bá fẹ́ mu omi, wọn á ní, “Ẹ má dìde mà, a ó gbé e wá.” Wọn á gbé omi wá, wọn á gbé rìmóòtù wá, wọn á gbé oúnjẹ wá, wọn á sì gbé abọ́ kúrò. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ ìdìde kan ni a ń gbà lọ́wọ́ ìyá ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ìkíni náà: ọmọ á dọ̀bálẹ̀, á fi àyà kan ilẹ̀, á tún fi ọwọ́ àti itan ti ara rẹ̀ dìde, àgbà tí a ń kí á wà lórí àga. Iṣan ọmọ ló ń jèrè. N kò ní kí àgbà máa dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí ipò bá ti mú ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ kúrò nínú ọjọ́ ènìyàn, ó yẹ kí a wá ohun tí yóò rọ́pò wọn. Àwọn kan á sọ fún mi pé ohun tí àgbà bá rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Òótọ́ ni, ojú àgbà ni òwe yẹn ń sọ. Itan àgbà kò sí nínú rẹ̀.

Àga pàápàá ní ẹjọ́ láti jẹ́. Obìnrin tí ó fi ọgbọ̀n ọdún din àkàrà lórí àpótí ti dìde láti ibi tó rẹlẹ̀ gan-an láìmọye ìgbà, pẹ̀lú agbada gbígbóná níwájú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ rí ṣe, ó ra àga onítìmùtìmù fún un. Ìdí á rì sínú àga náà, orúnkún á ga ju ìbàdí lọ, apá àga á sì wà nítòsí fún ọwọ́. Bí ìdìde wọ́ọ́rọ́wọ́ ṣe ń di ìdìde ọlọ́wọ́ nìyẹn, láìsí pé àìsàn kankan wọlé.

Àwọn Mùsùlùmí ní àǹfààní kan tí mo máa ń tọ́ka sí. Rákà 17 ni ìrun ọ̀ranyàn òòjọ́, ìforíkanlẹ̀ méjì sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbà tí ó ń kírun lórí ẹní ń lọ sílẹ̀ nígbà 34 lójúmọ́. Ẹ̀sìn fún aláìsàn láyè láti kírun lórí àga, n kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan sí ìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ìrora orúnkún tó wá fún oṣù kan má sọ ènìyàn di ará orí àga títí ayé. Ìdìde láti ilẹ̀ yìí ni wọ́n fi ṣe ìwádìí ní Rio de Janeiro: olùwádìí Claudio Gil Araújo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àgbàlagbà 2,002 jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wọ́n sì dìde, wọ́n ń fún wọn ní máàkì nínú 10, wọ́n sì ń yọ ọ̀kan fún gbogbo ìgbà tí ọwọ́ tàbí orúnkún bá ti ilẹ̀. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012, ikú pọ̀ púpọ̀ láàárín àwọn tí máàkì wọn kéré ju láàárín àwọn tí tiwọn pọ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé ìjókòó ilẹ̀ ń dènà ikú. Ìdìde kàn ń sọ ohun púpọ̀ nípa ara tó ń dìde ni.

Ó kù kí n dá àwọn tó ń sọ pé orúnkún ń dùn wọ́n lóhùn. Làkúrègbé orúnkún kì í ṣe ìdí láti jókòó pa. Ìdárayá tó ń mú itan le wà lára ohun àkọ́kọ́ tí àwọn dókítà ń gbani nímọ̀ràn sí i. Ti ẹni tí àyà ń dùn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tàbí tí òòyì ń kọ́ bó bá dìde yàtọ̀: kó kọ́kọ́ rí dókítà. Àwọn tó ń bẹ̀rù ìṣubú ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù. Àkójọ ìwádìí 108 tí àjọ olùwádìí ìlera Cochrane tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé ìdárayá ń dín iye ìṣubú àwọn àgbàlagbà kù ní ìdá 23 nínú 100. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí ẹni tó ti pé 65 ṣe ìdárayá tó ń mú iṣan le ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ó kéré tán, kó sì ṣe èyí tó ń kọ́ ara láti dúró dáadáa ní ọjọ́ mẹ́ta.

Bí a ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nílé kò ná wa lówó. Ẹ wá àga tí ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán, tí ìjókòó rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 43, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Kí ìyá tàbí bàbá ká ọwọ́ lé àyà, kó dìde tán pátá, kó jókòó, kó tún dìde, fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ní ìwọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà, obìnrin tó wà láàárín ọdún 65 sí 69 tí kò bá dìde tó ìgbà 11, àti ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò bá dé 12, ti wà lẹ́yìn ojúgbà wọn. Fún ẹni 80 sí 84, ó jẹ́ 9 àti 10. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀. Kí wọ́n máa ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì máa jókòó padà jẹ́jẹ́, nítorí ìjókòó jẹ́jẹ́ náà ń kọ́ itan. Bí ó bá ti rọrùn, kí wọ́n gbá ìgò omi kan mọ́ àyà, lẹ́yìn náà méjì. Ẹni tí kò fi ẹrù kún un kò ní fi agbára kún un.

Kí ọmọ tó dúró tì wọ́n wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má fa apá wọn, nítorí èjìká àgbà kì í pẹ́ yẹ̀. Kó kàn máa kà á sókè, kó sì ní sùúrù. Bí ẹni náà kò bá lè dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìlo ọwọ́, ẹ fi ìrọ̀rí líle méjì sórí àga kí ìjókòó lè ga sí i, kí ó máa dìde láti ibẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ yọ ìrọ̀rí kan.