Epo Pupa Kì í Ṣe Ẹ̀rọ̀ Ṣokoléètì

Tiobúrómíìnì ni orúkọ èròjà kíkorò kan tó wà nínú hóró kòkó, òun gan-an ló sì ń sọ ṣokoléètì di májèlé lẹ́nu ajá. Inú Theobroma ni orúkọ náà ti wá, ìyẹn orúkọ tí Linnaeus, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Swídìn, fún igi kòkó lọ́dún 1753, tí ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gíríìkì jẹ́ "oúnjẹ àwọn òrìṣà". Oúnjẹ àwọn òrìṣà yìí kò bá ajá lára mu rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ajá fúnra rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ Ògún.

Èròjà náà ń wọ ara ènìyàn bó ṣe ń wọ ara ajá, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbájáde rẹ̀ ni kò dọ́gba. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn máa ń tú u ká débi pé láàárín nǹkan bíi wákàtí 6 sí 10, ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ti ajá máa ń gbà tó wákàtí 17 àti ààbọ̀ kí ìdajì náà tó lọ, ká má tíì sọ ti ìdajì tó kù. Ní gbogbo àsìkò tó fi ń pẹ́ nínú ara yìí, ńṣe ló máa ń gba ojú ibi tó yẹ kí adenosine bà lé, ìyẹn èròjà tí ara ń lò láti pàṣẹ fún ọkàn àti ọpọlọ pé kí wọ́n rọra. Nítorí náà, ọkàn á máa sáré, iṣan á máa gbọ̀n, ajá á máa bì, á máa mumi láìsinmi, á sì máa tọ̀ káàkiri ilé, bí oró náà bá sì pọ̀ jù, gìrì á gbé e, ó sì lè kú. Kódà èyí tó ti dé inú àpò ìtọ̀ lè padà sínú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ẹranko fi máa ń ní kí wọ́n mú irú ajá bẹ́ẹ̀ jáde lọ tọ̀ lemọ́lemọ́.

Bí oró náà ṣe pọ̀ tó nínú ṣokoléètì yàtọ̀ síra. Èyí tó funfun fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní in rárá; èyí tí wọ́n fi mílíìkì ṣe ní nǹkan bíi mílígíráàmù 2 nínú gíráàmù kọ̀ọ̀kan; èyí tó dúdú máa ń ní tó 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; èyí tí kò ní ṣúgà, tí àwọn aṣekéèkì ń lò, ní tó 14 sí 16; ìyẹ̀fun kòkó gidi sì lè kọjá 20. Bí ajá bá jẹ mílígíráàmù 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, inú rẹ̀ á dàrú, ara rẹ̀ kò sì ní balẹ̀. Bó bá di 40 sí 50, ọ̀rọ̀ ti dé ọkàn. Bó bá di 60, gìrì ni.

Gbogbo ìmọ̀ yìí ló wà níkàáwọ́ òǹkọ̀wé àpilẹ̀kọ yìí, tàbí kó jẹ́ pé orí fóònù rẹ̀ ló wà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì Kérésìmesì kan nílùú Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ajá rẹ̀ tó ń jẹ́ Tálómọ̀la jẹ odindi ṣokoléètì dúdú kan tó wọn 100 gíráàmù. Ọmọ-ọmọ àgbẹ̀ kòkó ará Ìdànrè ni òǹkọ̀wé náà, kòkó ló rán bàbá rẹ̀ níléèwé, ó sì ti fi ìyẹn ka ara rẹ̀ sí ọ̀gá nínú ọ̀ràn kòkó. Ọgbọ́n yìí ló mú un gbé ṣokoléètì funfun pamọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí pé ohun tí kò jọ kòkó ló fura sí, tó sì fi dúdú sílẹ̀ nínú àpò ẹ̀bùn lábẹ́ igi Kérésì, lórí èrò pé kò sí ajá tó máa fẹnu kan ohun tó korò. Lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Liverpool gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlọ́po mẹ́rin ni bí wọ́n ṣe ń gbé ajá tó jẹ ṣokoléètì lọ sọ́dọ̀ dókítà nígbà Kérésì fi ju ti ọjọ́ lásán lọ, ìlọ́po méjì sì ni ti Àjíǹde. Gbogbo ilé ló ní igi Kérésì tirẹ̀.

Àṣìṣe tó tóbi jù ni ti ìṣirò, ó sì yẹ fún àlàyé, nítorí pé orí ìwé ló ti wáyé, pẹ̀lú bírò àti ìgbéraga. Òǹkọ̀wé náà gbé ajá mọ́ra gun ìwọ̀n, ó tún dá gùn ún, ó yọ èkejì kúrò nínú èkínní, ó sì rí 22, èyí tó kà sí kílò. Ó wá mú iye ti ṣokoléètì onímílíìkì, ìyẹn 2, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 100, ó pín 200 tó rí fún 22, ó sì kọ 9 sílẹ̀, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Pọ́n-ùn ni ìwọ̀n ilé náà ń kà, pọ́n-ùn 22 kò sì ju kílò 10 lọ. Ṣokoléètì náà sì dúdú. 500 tí a pín fún 10 ni 50.

Bí 9 ṣe fi í lọ́kàn balẹ̀ tó, àyà rẹ̀ ṣì ń já díẹ̀díẹ̀, ó sì wá epo pupa lọ. Láàárín àwọn Yorùbá, ohun ẹ̀rọ̀ ni epo, ìyẹn ohun tí ń rọ ooru àti oró lójú, ọ̀pọ̀ ìyá ló sì máa ń rọ ọ́ sẹ́nu ọmọ tó gbé kẹrosíìnì mu, bí àwọn dókítà tilẹ̀ ń kìlọ̀ pé kó yéé ṣẹlẹ̀. Ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta ni Tálómọ̀la lá, ó sì ń wo ìgò pé ó kù. Epo kì í pa tiobúrómíìnì. Ohun tí ọ̀rá púpọ̀ lè ṣe ni pé kó mú kí ẹ̀yà ara kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, èyí tí ń pèsè omi tí ń da oúnjẹ, wú kó sì máa ro ajá, ṣokoléètì sì ti ní ọ̀rá tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ajá náà ń ṣeré kiri, òǹkọ̀wé sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ìbàdàn láti ròyìn iṣẹ́ epo, láìrántí ohun tó ti fojú ara rẹ̀ kà, pé láàárín wákàtí 6 sí 12 lẹ́yìn jíjẹ ni àmì máa ń sábà yọ, àti pé àsìkò tí ajá ṣì ń ṣeré yẹn gan-an ni dókítà lè mú un bì í jáde.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ni ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ibi iṣẹ́ dé. Ó wo ìwé ìṣirò náà, ó wo ajá tó ti ń rìn yípo tábìlì láìdúró, ó sì béèrè pé, "Bàbá Bọ́lá, ṣé pọ́n-ùn lẹ kọ síbí ni àbí kílò?"

Lórí fóònù, òǹkọ̀wé sọ fún ilé ìwòsàn ẹranko pé "díẹ̀" ni ajá náà jẹ. Wọ́n ní kó mú bébà ṣokoléètì náà wá, nítorí pé ara rẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ bí kòkó inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ó sì di dandan kó dojú garawa ìdọ̀tí dé láti wá a. Kò sọ nǹkankan nípa epo. Wọ́n gún ajá lábẹ́rẹ́ tí ń mú ni bì, ohun tó sì kọ́kọ́ jáde pupa débi pé ọ̀dọ́mọbìnrin tó di ajá náà mú lọgun ẹ̀jẹ̀, dókítà méjì sáré wọlé, wọ́n ti ń wá ibi tí ikùn ti ya kí òǹkọ̀wé, tó jẹ́ bàbá ọmọ mẹ́ta, tó rọra la ẹnu pé ọbẹ̀ ni. Wọ́n béèrè pé irú ọbẹ̀ wo. Ó ṣàlàyé. Dókítà àgbà ní bó bá jẹ́ pé ó tètè sọ ọ́ ni, iṣẹ́ àwọn ì bá dín ní ìdajì.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n fún ajá ní èédú tí wọ́n ṣe lákànṣe láti fa oró mọ́ra nínú ìfun, wọ́n sì dá a dúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọkàn rẹ̀, nítorí pé kò sí oògùn kankan tí ń pa oró yìí ní tààrà. Ó yè. Lójú ìwé ìtọ́jú Tálómọ̀la títí di òní, níbi tí wọ́n ń kọ ohun tí ajá kò gbọ́dọ̀ jẹ sí, ṣokoléètì ló ṣáájú, epo pupa ló tẹ̀ lé e, ẹnì kan sì fi bírò kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ìyàwó ilé ni kí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀.