Ọ̀rọ̀ Ò Sí Lára Ẹyọ

(Gáréèjì Ìyànà-Ìpájà, l'Ékòó, láàárọ̀ kùtù. Ìyá Alágbo ń to ọjà sórí tábìlì: àgbo lápá ọ̀tún, sìgá lápá òsì. Kọ̀ńdọ́ yọ, ó fọwọ́ di àyà mú.)

KỌ̀ŃDỌ́: Ẹ káàárọ̀, màmá. Ẹ bu àgbo àyà fún mi.

ÌYÁ ALÁGBO: Ti jẹ̀díjẹ̀dí ń bẹ, ti ibà ń bẹ. Kí ló ṣe àyà?

KỌ̀ŃDỌ́: Ó ń fún mi pinpin. Àwọn ayé ló wà nídìí ẹ̀.

ÌYÁ ALÁGBO: Kí layé fẹ́ gbà lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́? Ṣéńjì? Ẹyọ mélòó lo fà lánàá?

KỌ̀ŃDỌ́: Díẹ̀ ni.

ÌYÁ ALÁGBO: Èmi tí mo tà á ńkọ́? Mẹ́jọ! Lálẹ́, wọ́n tún rí ẹ nídìí ṣíṣà.

KỌ̀ŃDỌ́: Ṣíṣà kì í ṣe sìgá. Inú omi ni èéfín ẹ̀ ń gbà kọjá, omi ti fọ̀ ọ́.

ÌYÁ ALÁGBO: Ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó lọ̀ ọ́! Èédú orí ẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló là á yé mi: gáàsì olóró inú èéfín á gba àyè afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Nikotín á ní kí ọkàn máa sáré, á tún fún ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà débẹ̀ pọ̀.

KỌ̀ŃDỌ́: Ọkàn kẹ̀? Ọmọ ọdún 24! Àìsàn àwọn bàbá olówó nìyẹn.

ÌYÁ ALÁGBO: Ẹ̀jẹ̀ amusìgá tètè ń dì, kì í bèèrè ọjọ́ orí. Ó sì tún burú fún irú yín, ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń mu sìgá. Ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ lè dédé lu, kí afẹ́fẹ́ máa jò sínú àyà.

KỌ̀ŃDỌ́: Bíi táyà?

ÌYÁ ALÁGBO: Fọ́gánáísà ò sì ní lè bá ẹ lẹ̀ ẹ́.

KỌ̀ŃDỌ́: Ẹ wá ń tà á fún mi!

ÌYÁ ALÁGBO: Ṣé èmi ni mo ń kì í bọ̀ ẹ́ lẹ́nu? Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé amusìgá lè kú ní rèwerèwe.

KỌ̀ŃDỌ́: Ìgbà wo lẹ fi páálí hàn mí? Ẹyọ lẹ̀ ń tà. Ọ̀rọ̀ ò sí lára ẹyọ!

(Ìyá Alágbo dákẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé èyí kì í ṣe kékeré.)

KỌ̀ŃDỌ́: Òfin 2015 ní ẹ ò gbọdọ̀ tà á lẹ́yọ, odindi páálí oní-20 ni. Lọ́yà kan ló sọ ọ́ nínú dáńfó wa.

ÌYÁ ALÁGBO: Lọ́yà tó ń wọ dáńfó! Tí mo bá ní odindi ni mò ń tà, ṣé wàá rà á?

KỌ̀ŃDỌ́: Níbo ni n ó ti rówó ẹ̀?

ÌYÁ ALÁGBO: O ò ní mu ún nìyẹn.

KỌ̀ŃDỌ́: Ẹ̀yin náà ò ní tà.

ÌYÁ ALÁGBO: Fòfin sílẹ̀, ká mú àyà. Ṣé ó ń ta dé apá òsì? Àgbọ̀n ńkọ́?

KỌ̀ŃDỌ́: Ó ń ta dé apá. (Ó nu iwájú orí.) Ooru àárọ̀ yìí náà...

ÌYÁ ALÁGBO: Ooru wo? Òtútù ń mú mi níbí! Márúwá! Gbé èyí lọ sí jẹ́nẹ́rà!

KỌ̀ŃDỌ́: Ẹ bu paraga kékeré kan fún mi kí n fi gbéra.

ÌYÁ ALÁGBO: Fọwọ́ kan ìgò mi, kí n gé e!

KỌ̀ŃDỌ́ (nínú kẹ̀kẹ́): Màmá, ó ku èrò méjì kó kún. Jẹ́nẹ́rà, jẹ́nẹ́rà! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!

ÌYÁ ALÁGBO: Panu dé, kí o rí èémí mí! Onímárúwá, mo ti ra àyè méjèèjì. Máa lọ!