Àlejò Bódìjà

Ní ọdún 1961, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tí a ń pè ní Peace Corps kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Ìbàdàn, ọ̀kan nínú wọn kọ káàdì pélébé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ojú pópó la ti ń dáná. Káàdì bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì, ariwo sì ta.

Èyí tó wọ̀ sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Bódìjà lẹ́yìn náà gbọ́n jùyẹn lọ: ẹnu rẹ̀ kò sinmi oúnjẹ débi tí yóò fi kọ̀wé. Àbí kí ni ká ti wí, nílẹ̀ Olúyọ̀lé tí kì í gbe onílé bí àjòjì? Àmàlà nìkan ló dá a lágara: ó fi fọ́ọ̀kì lé e kiri inú gbẹ̀gìrì bí ọdẹ tí ń lé òkété, títí ìyá wa àgbà fi bi í pé:

“Ọmọ mi, kí ni àmàlà náà ṣe ọ́?”