Àfojúbà Tó Di Ìròyìn

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Wọn ò purọ́, àmọ́ fóònù kò tíì dáyé nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó lọ wo egúngún láyé ọjọ́un, ojú rẹ̀ ló gbé lọ, ojú náà ló sì fi kó ìran bọ̀ wálé. Òǹwòran òde òní á kọ́kọ́ wá ibi tí yóò ti cháàjì fóònù. Bí bátìrì bá kú lójú agbo, ìran ti tán nìyẹn, ó di ilé.

Ara mi ni mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ 7, oṣù Keje, 2014, Tour de France, eré kẹ̀kẹ́ tí àwọn Faransé dá sílẹ̀ ní 1903, ya ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ náà wọ́n gbéra ní Cambridge, wọ́n fẹ́ parí ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, 155 kìlómítà. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Peckham pè mí: "Àbúrò, ọ̀fẹ́ ni o! Wọn kì í gba tíkẹ́ẹ̀tì. Wá, ká lọ fojú ara wa rí i." Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀gbẹ́ títì ni ìjókòó wọn, ẹni tó bá tètè dé ló ni iwájú. Àárọ̀ la ti dé etí odò Thames, a dúró títí ẹsẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wú.

Àwọn ọkọ̀ ìpolówó ló kọ́kọ́ kọjá. Láti 1930 ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú eré yìí: wọ́n á máa ju fìlà, ṣuwíìtì àti ohun ìkọ́kọ́rọ́ sí èrò, bí ìgbà tí olóde ń pín ẹ̀bùn níbi ìnáwó. Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, bá ọmọdé kan du fìlà. Ọmọdé náà ló mú un lọ.

Nígbà tó yá, a gbọ́ hẹlikópítà lókè, alùpùpù ọlọ́pàá tẹ̀ lé e. Mo gbé fóònù sókè, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Fóònù bá ní ààyè ti kún, kí n kọ́kọ́ pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ wo ìgbà tó yan láti sọ̀rọ̀! Mo ń wá fọ́tò ìkómọ kan tí màá pa rẹ́ ni nǹkan fẹ́ wìì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìró táyà bí òjò tó ń bọ̀ lórí ewé kókò, atẹ́gùn, ẹnì kan tó ń pariwo lédè tí n kò gbọ́. Agunkẹ̀kẹ́ bí 200 ni wọ́n, gbogbo wọn kò lò tó ìṣẹ́jú kan lójú wa. Ẹni tó bá ń sá 45 kìlómítà ní wákàtí kan á ti jẹ mítà 12 àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ìka tó kan gíláàsì fóònù, ẹni tí ò ń yà ti dé iwájú ilé kejì.

"Àbúrò, ṣé o yà á?"

"Mo yà á, sà."

"Ta ló wà níwájú?"

Mo dákẹ́. Mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, sà?" Òun náà dákẹ́. Ó ti kẹ̀yìn sí títì ni tirẹ̀, kí òun àti àwọn agunkẹ̀kẹ́ lè jọ wà nínú fọ́tò. Iwájú orí rẹ̀ ló gba gbogbo ẹ̀.

Ibi tí a dúró sí ni ìpè ti wọlé láti Ìbàdàn. Àbúrò wa kan ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Iná wà lọ́jọ́ náà. "Bọ̀ọ̀dá mi, Marcel Kittel ló gbé e o, ará Jámánì yẹn! Ẹ̀yin lẹ kúkú wà níbẹ̀, ẹ ròyìn fún wa." Àwa tí a lọ fojú bà á, Ìbàdàn la ti gbọ́ ìròyìn ẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé inú àpò mi ni ìwà òmùgọ̀ yìí mọ sí, n kò ní kọ ọ́ síta. Ṣùgbọ́n ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí, ẹni tó bá sì ti gbé ojú fún kámẹ́rà, orí ẹlòmíì ló ń fi wéwu. Nínú eré yìí kan náà ní 1994, nílùú Armentières, ọlọ́pàá kan tí wọ́n fi ṣọ́ èrò níbi tí eré ti ń parí ni òun náà fẹ́ ya fọ́tò. Ó yọ ara síta díẹ̀ kí ó lè dáa. Agunkẹ̀kẹ́ Wilfried Nelissen doríkodò, ó ń sáré àsápajúdé bọ̀, ó sì kọlù ú. Laurent Jalabert náà kó sí i, eyín rẹ̀ fọ́. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ti 2021 ló dùn mí jù, torí ìfẹ́ ló fà á. Nígbà tí wọ́n ń ti Brest lọ sí Landerneau, obìnrin kan gbé páálí dání tó fi ń kí bàbá àgbà àti ìyá àgbà: "Allez Opi-Omi". (Kí Yorùbá má ṣì í gbọ́: Omi yẹn kì í ṣe omi mímu, bí ọmọ Jámánì ṣe ń pe ìyá àgbà ni.) Kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ló kọjú sí, ó kẹ̀yìn sí eré. Agunkẹ̀kẹ́ Tony Martin fi ara gbá páálí náà, ó ṣubú, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì wó lé e bí igi oko. Ilé ẹjọ́ ní kí obìnrin náà san 1,200 yúrò. Ó wá wòran, ó di ìran.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò. Àwọn tó mọ̀ ọ́n yà, orí òkè ni wọ́n ń lọ, irú Alpe d'Huez, kìlómítà 13.8 tó ní kọ́nà 21, níbi tí òkè ti ń fa agunkẹ̀kẹ́ sẹ́yìn débi tí o fi máa rí òógùn ní imú rẹ̀. Wọ́n á ti dojú kámẹ́rà kọ ibì kan lójú títì kí ó tó dé, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbé kámẹ́rà sílẹ̀, wọ́n á wá wòran. Orí òkè yẹn kan náà ni ayàfọ́tò kan ti gbé agunkẹ̀kẹ́ Giuseppe Guerini ṣubú ní 1999. Ó dìde, ó ṣì gba ipò kìíní. Ibẹ̀ náà ni Vincenzo Nibali ti ṣubú ní 2018, tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì sán. Wọ́n ní okùn kámẹ́rà òǹwòran kan ló kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Nibali yìí ló wọ ẹ̀wù yẹ́lò aṣíwájú lọ́jọ́ tí a wà létí odò Thames. Nínú gbogbo fọ́tò mi, ẹyọ kan ló ní nǹkan nínú: ohun yẹ́lò kan tó fà gbọọrọ bí ẹyin tó dànù. Ẹ̀gbọ́n mi ní Nibali ni. Ó mú un lọ fẹ̀, ó fi gíláàsì sí i, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, kò sì sí àlejò tí kò gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò wa ará Ìbàdàn wá kí wa. Ó wo fọ́tò náà títí, ó wọ awò ojú, ó tún sún mọ́ ọn.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí ni wọ́n kọ sí Nibali lẹ́yìn yìí? Ó jọ 'POLICE' lójú mi o."

Ẹ̀gbọ́n mi ní kó jókòó, oúnjẹ ti ń tutù.