Olè Tí Mo Ń Wá Lójú Ọ̀run

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè pé, nínú gbogbo iṣẹ́ tí èmi ọmọ Ẹgbá, ọmọ Lísàbí agbòǹgbò àkàlà, ti dáwọ́ lé láyé, èwo ni ó sọ mí di ẹlẹ́yà jù lọ, n kò ní ronú kí n tó dáhùn pé kaféè íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ṣí sí Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta ni, ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé dídé fóònù GSM sí ilẹ̀ wa ní 2001, nígbà tí ilé tí ó bá gbé àwo sátẹ́láìtì funfun sórí òrùlé ń jẹ́ ilé olówó, tí àwọn ọmọ iléèwé sì ń tò sí ẹnu ọ̀nà wa láti wo èsì ìdánwò WAEC. Wọ́n ní ẹni tí ó bá jìn sí kòtò a máa kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Èmi kò jìn sí kòtò kan ṣoṣo, bí mo ti ń gòkè nínú ọ̀kan ni mo ń wọ òmíràn, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi gbẹ́ gbogbo wọn.

Ìṣirò ni ó kọ́kọ́ gbé mi ṣubú. Ọkùnrin tí ó ta íntánẹ́ẹ̀tì náà fún mi, tí orúkọ rẹ̀ àti ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ti ẹnu mi jáde, sọ pé 512 ni bandwidth, ìyẹn ìwọ̀n ohun tí ọ̀nà lè gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí àwọn yóò máa fún mi. Bí mo ti gbọ́ 512 ni orí mi wú, n kò sì bi í pé 512 kí ni. Kilobyte ni èmi mọ̀, nítorí òun ni kọ̀ǹpútà fi ń wọn fáìlì. Kilobit ni ọkùnrin náà ń wí, bit mẹ́jọ ni ó sì ń para pọ̀ kí ó tó di byte kan ṣoṣo. Kilobyte 64 péré ni mo rà, kọ̀ǹpútà 20 ni mo sì tò sílẹ̀ láti jọ máa mu ún. Ẹ̀yìn ìwé àdéhùn tí mo fọwọ́ sí láìkà sọ síwájú sí i pé èmi àti àwọn oníbàárà mìíràn ni a ó jọ máa pín in, àti pé ọ̀nà ìlọ, èyí tí ohun tí àwa bá fẹ́ fi ránṣẹ́ yóò máa gbà, kò ju 128 lọ. Mo fi ìwé náà sínú férémù, mo gbé e kọ́ ara ògiri.

Kò pẹ́ tí ariwo bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé kan yóò máa ṣí díẹ̀díẹ̀ títí àkókò tí oníbàárà rà yóò fi tán, òun yóò sì dìde pé, “Ọ̀gá, ẹ dá owó mi padà, n kò tíì rí nǹkan kan.” Mo wá jókòó, mo fi ọgbọ́n inú ìwé ìròyìn gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò. Sátẹ́láìtì tí à ń lò wà lókè ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà. Ìbéèrè oníbàárà gbọ́dọ̀ gòkè kí ó sì sọ̀ sí òkèèrè, èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè kí ó sì sọ̀ padà sọ́dọ̀ wa, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kan kò fi lè lọ kí ó bọ̀ kí ó má gbà tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, bí ó tilẹ̀ ń sáré bí ìmọ́lẹ̀. Òótọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ jíjìnnà ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí ọ̀nà ti fẹ̀ tó, n kò sì mọ ìyàtọ̀ nígbà náà. Mo pinnu pé àwo orí òrùlé ni kò kọjú sí ọ̀run dáadáa.

Nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, tí páànù òrùlé ti gbóná débi tí ó lè sun iṣu, ni mo gun orí ilé pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, tí mo ń yí àwo sọ́tùn-ún, tí mo ń yí i sósì, tí àwọn tí ó ń lọ sí ọjà Láfẹ́nwá sì ń dúró wò mí. Ìyá àgbà kan tí ó ń ta ẹ̀kọ nísàlẹ̀ gbé ojú sókè, ó ní, “Ọmọ mi, kí ni ó sọnù lọ́wọ́ rẹ lójú ọ̀run?” Mo ní, “Ìyá, bandwidth ni mo ń wá.” Ó ní, “Olúwa yóò bá ọ wá a,” gbogbo èrò sì ṣe àmín. Nígbà tí mo fi máa sọ̀ kalẹ̀, èyí tí ó ń falẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ pátápátá, nítorí yíyẹ̀ díẹ̀ báyìí tó fún irú àwo bẹ́ẹ̀ láti má rí sátẹ́láìtì rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá mi tún un ṣe, Èkó ni ó ti wá, owó ọkọ̀ rẹ̀ sì ju owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ojú kò tì mí. Mo yá owó, mo sọ 512 di ìlọ́po méjì. Ara tù wá fún ìgbà díẹ̀, ariwo sì tún padà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ Láfẹ́nwá tí ó yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pé fífẹ ọ̀nà lójú láìsí olùdarí kò tó, nítorí ní etígbọ̀ọ́ wa ni rélùwéè ti ń kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1901, ojú irin tóóró tí kò fẹ̀ ju mìlímítà 1,067 lọ, tí ọkọ̀ kan ti ní láti dúró ní tésàn kí èyí tí ó ń bọ̀ níwájú tó kọjá. Ìwọ̀n ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, tí ó gba Ládérin ní Abẹ́òkúta kan náà, jẹ́ mìlímítà 1,435, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ní kí ọkọ̀ máa wọ̀ ọ́ bí ó bá ti wù ú. Èmi ra ojú irin kún ojú irin, n kò yan ọ̀gá tésàn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Kò gun òrùlé. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, ó tẹ nǹkan díẹ̀, orúkọ kọ̀ǹpútà gbogbo sì jáde pẹ̀lú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ó wò ó títí, ó wá rọra ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú o, ta ni ó ni kọ̀ǹpútà tí ó wà ní yàrá ẹ̀yìn?”

Èmi ni mo ni ín. Mo ti fi ètò kan sínú rẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń pín fáìlì láàrin ara wọn, mo sì ń fi í kó àwo orin Àyìnlá Ọmọwúrà jọ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ọmọ Ìtòkò, ọba àpàlà, tí ó kú ní 1980, kò lè sú ọmọ Abẹ́òkúta gidi. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ẹni tí ó bá ń gbà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ń fúnni pẹ̀lú. Tọ̀sán-tòru ni kọ̀ǹpútà mi ń bu Àyìnlá fún àwọn àjèjì káàkiri àgbáyé, ó sì ti fi orin dí ọ̀nà ìlọ wa, 128 kékeré yẹn. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí ó bá wọlé láti òkèèrè ni a gbọ́dọ̀ fi èsì ránṣẹ́ padà pé ó ti dé. Bí èsì náà bá há sẹ́yìn àpàlà, ẹni tí ó wà lọ́hùn-ún yóò rò pé ọ̀nà bàjẹ́, yóò sì dẹ ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀nà ìbọ̀ tí mo fi gbèsè mú gbòòrò fi ṣófo bí ojú ọjà lóru, tí àwọn oníbàárà sì ń sunkún. Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani.

Ó tù mí nínú díẹ̀ nígbà tí ọmọ náà sọ fún mi pé àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ti bọ́ sínú irú rẹ̀ rí. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1986, ní California, ìlà kan láàrin ilé ìwádìí Lawrence Berkeley àti yunifásítì tí ó múlé tì í, tí wọn kò jìnnà síra ju 400 yáàdì lọ, já wálẹ̀ láti bit 32,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sí bit 40, nítorí bí ọ̀nà ti ń há ni àwọn ẹ̀rọ tún ń fi ohun kan náà ránṣẹ́ léraléra, tí wọ́n sì ń dá kún híhá náà. Van Jacobson kò ra ìlà tuntun. Ó kọ́ àwọn ẹ̀rọ ní ìwà, pé kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí wọ́n sì fà sẹ́yìn bí ọ̀nà bá há, ó sì gbé iṣẹ́ náà jáde ní 1988.

Ẹ̀yin yóò rò pé mo gbọ́n láti ìgbà náà. Nígbà tí ọmọ náà padà sí iléèwé, mo ní èmi náà yóò pín nǹkan, mo sì gé bandwidth sí ọ̀nà 20 gẹ́lẹ́, kí ẹnì kan má baà rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá kan nìkan ni ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí ó ń bá ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀, ohùn ọmọ náà sì ń gé bí ẹni tí òtútù mú, nítorí ìdá kan nínú 20 ni bàbá ní, ìdá 19 yòókù sì jókòó lásán níwájú àga òfìfo. Kò rẹ̀ mí. Mo tún fi ètò kan sí i tí yóò máa tọ́jú ojú ìwé tí a bá ti ṣí rí, kí a má tún máa lọ gbé e láti òkè, ṣùgbọ́n n kò sọ fún un pé oúnjẹ a máa kan. Olùkọ́ àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ka ìwé ìròyìn lọ́dọ̀ wa, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn lé e, wọ́n sì fi rédíò já a. Ó padà wá, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ìròyìn àná ni o tà fún mi ní owó òní.”

Kaféè náà kógbá sílé nígbà tí fóònù wọ ọwọ́ gbogbo ènìyàn, lẹ́yìn tí àwọn wáyà abẹ́ òkun MainOne àti Glo-1 ti dé Èkó, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010. Mo di ẹni tí ó ní ráwútà kan ṣoṣo nínú ilé, mo sì búra pé n kò tún ní gbójú sókè wá olè tí ń bẹ nínú ilé mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà 2024, Ọjọ́bọ̀ ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì falẹ̀ bí ìgbín. Mo dìde lọ́gán, mo gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ, mo yí ọ̀rọ̀ ìwọlé ráwútà padà, mo sì fẹ̀sùn fíìmù kan ìyàwó mi, kí ìròyìn tó wá sọ fún wa pé àwọn wáyà MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 ni ó já lábẹ́ òkun nítòsí Côte d’Ivoire, tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì há sínú rẹ̀. Ìyàwó mi kò tíì gba ẹ̀bẹ̀ mi tán.

Bí ó bá sì wà nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, níbikíbi láyé, ẹni tí orin Àyìnlá wọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti Láfẹ́nwá ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi, nítorí owó tí mo yá fi ra ìlọ́po méjì yẹn, mo ṣì ń san án.