Ọṣẹ Olóòórùn Dídùn

Ìmọ́ta, ìlú tí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá sí, tí wọ́n ṣí ní 2023, ni mò ń gbé. Ẹni tó bá gbọ́ bí mo ṣe ń fọ́nnu nípa ẹja níbẹ̀ á rò pé inú ọkọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Irọ́ gbáà ni. Ìrẹsì gan-an, inú àwo ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Ẹnu mi yìí náà ló kó mi sí i. Nínú ọyẹ́ oṣù kìn-ín-ní, mo sọ fún ìyàwó mi pé ọ̀bọ̀kún tí mo fọwọ́ ara mi pa la ó fi jẹ ẹ̀bà lálẹ́. Mo bá gba etí omi Àgbówà lọ ní ìdájí, mo bẹ bàbá apẹja kan pé kí wọ́n gbé mi dání.

"Kí lo mú lọ́wọ́, ọmọ mi?"

"Ọṣẹ ni, sà. Mo gbọ́ pé òun lẹ fi ń ṣe ìjẹ."

Òótọ́ sì ni, bó ti wù kó jọ irọ́ tó. Wọ́n á gé ọṣẹ ìfọṣọ wẹ́wẹ́, wọ́n á fi há ẹnu ìwọ̀. Ìwọ̀ rẹpẹtẹ á wà lára okùn gígùn kan ṣoṣo, wọ́n á tẹ́ ẹ sómi mọ́jú. Ọṣẹ ìwẹ̀ ìyàwó mi, olóòórùn dídùn, ni èmi gbé wá. Bàbá gbé e símú, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ wẹ̀ ẹ́ kó o tó pa á ni?"

Síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀, nítorí mo ti fi oòrùn ọ̀sán ṣírò òtútù òwúrọ̀. Eyín mi ń lu ara wọn, síbẹ̀ ẹnu mi ò sinmi. Mo ń ṣàlàyé fún bàbá pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi iyọ̀ máa ń ti òkun wọ Ọ̀sà Èkó, pé òjò ló ń lé e padà. Ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ lórí omi náà kí wọ́n tó bí mi!

"O ṣé, tíṣà," ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Mo dìde láti wo ibi tá a dé nínú kùrukùru. Ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. "Jókòó!" Mo jókòó sórí ọṣẹ wọn.

Ìgbà tí wọ́n fa okùn, ọ̀bọ̀kún kan jáde, ara rẹ̀ ń dán. Kí bàbá tó lanu, mo ti kì í mọ́lẹ̀. Ẹ̀gún mẹ́ta ni ẹja yìí ní, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ní eyín bí ayùn. Ó sì máa ń nà wọ́n gan-an bí wọ́n bá mú un. Mo pariwo, ẹja padà sómi.

"Ta ló wá pa ta báyìí?" ni bàbá bi mí.

Pẹ̀lú ọwọ́ wíwú, mo gba Ẹ̀pẹ́ lọ, sí Ọjà Olúwo. Owó ọ̀bọ̀kún ò bá àpò mi mu, ni mo bá ra àrọ̀, mo fi ewé bò ó.

Ìyàwó mi ṣí ewé, ó gbé ìrù ẹja sókè.

"Bàbá Ìbejì, ìrù ọ̀bọ̀kún là sí méjì. Eléyìí rí roboto. Àrọ̀ tí wọ́n ń sìn lẹ rà. Ọṣẹ mi ńkọ́?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bá apẹja lọ, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ọkọ̀ yọ ẹja lẹ́nu ìwọ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa fún un kò lè tó owó abẹ́rẹ́ tí mo gbà.